Ọkọ̀ Inú Fọ́tò Bàbá Àgbà: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Yín Lówó

Oṣù kan kì í lọ kí ẹnì kan má gbé fọ́tò wá bá mi ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí: bàbá àgbà nínú agbádá, ọwọ́ rẹ̀ lórí ọkọ̀ dúdú kan. Wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá wa wò ó, ọkọ̀ wo nìyí?" Inú mi a máa dùn sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn ni mo fi kọ́ṣẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú ni owó tí wọ́n ti ná dànù kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Èkíní, ẹ má gé etí fọ́tò kó lè wọ férémù.

Èkejì, ẹ má fi omi nù ún.

Ẹ̀kẹta ló ń dùn mí jù. Ẹ yé gbé fọ́tò fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ "tún un ṣe" kí ẹnikẹ́ni tó wo ojúlówó rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn kì í kàn nu ìdọ̀tí kúrò. Ibi tí kò bá ti ríran, ṣe ló máa ń ya nǹkan tirẹ̀ síbẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Kétu san 20.000 sẹ́fà fún wọn ní ilé ìtẹ̀fọ́tò kan. Fọ́tò náà ń dán bíi dígí. Ọkọ̀ kékeré kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, irin mẹ́rin sì dábùú imú rẹ̀. Ó jọ Renault 4CV láìkù síbì kan, ṣùgbọ́n n kò rí 4CV onírin mẹ́rin rí. Mẹ́fà ni ti àkọ́kọ́, títí wọ́n fi dín in kù sí mẹ́ta ní nǹkan bí òpin ọdún 1953. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, ẹ̀ṣọ́ lásán ni àwọn irin náà, síbẹ̀ àwọn la fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Mo ní kó lọ gba ojúlówó wá lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó ti pọ́n. Mo gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà kí oòrùn àárọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ tàn sí i, mo fi dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó, mo wá ń fi ẹnu abẹ́rẹ́ ka irin náà láì jẹ́ kó kan fọ́tò. Mẹ́fà ni. 20.000 ti lọ, irọ́ ni wọ́n fi rà.

Ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀ kọ́ ni ọdún tí wọ́n ya fọ́tò o. Ó lè ti lo ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹlòmíì kó tó kan bàbá yín.

Ọ̀rọ̀ sítíárìn ńkọ́? Èmi fúnra mi ti ṣi ẹbí kan lọ́nà níbẹ̀, ó sì ń dùn mí dòní. Nígbà tí orílẹ̀-èdè wa, Benin, ṣì ń jẹ́ Dahomey, apá ọ̀tún la ń gbà, sítíárìn sì máa ń wà lósì. Ní Nàìjíríà, apá òsì ni wọ́n ń gbà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Bí mo ṣe rí sítíárìn lọ́tùn-ún, mo ní Èkó ni wọ́n ti ra ọkọ̀ náà. Wọ́n wọkọ̀ lọ sí Èkó lọ wá ìbátan tí kò sí. Àṣé ẹni tó tẹ fọ́tò náà ló fi ẹ̀yìn négátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n fi ń tẹ fọ́tò, síwájú, òsì wá di ọ̀tún. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá lẹ́tà ara nọ́ńbà ọkọ̀ kọ ẹ̀yìn síwájú, tàbí kí ẹ wo àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin. Apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló sábà máa ń wà.

Ẹ má sì sọ pé ọkọ̀ kò níná. Ẹ̀yìn àwọ̀n imú Peugeot 202 ni iná rẹ̀ wà, méjèèjì sún mọ́ra bí ojú ológbò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti 302 àti 402.

Gbogbo ọkọ̀ tí àgbékọ́ ìlẹ̀kùn iwájú rẹ̀ wà lápá ẹ̀yìn kọ́ ni Citroën Traction. Renault 4CV náà rí bẹ́ẹ̀, Citroën 2CV sì rí bẹ́ẹ̀ títí di òpin 1964. Ti Traction, ẹ wá V méjì tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ ní imú rẹ̀. Tí ibi ìkẹ́rù ẹ̀yìn rẹ̀ bá yọ gbọ̀ngbọ̀, ó ti di 1952 tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Fọ́tò kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ ṣì wà lórí tábìlì mi. Ìyàwó tuntun ló dúró níbẹ̀ nínú aṣọ òkè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, táyà kan àti mádígáàdì dúdú tí kò fẹ̀ ju ìka mẹ́rin lọ ló kù. Ẹni tó gé ìyókù ṣì wà láyé, ó ní òun ò rántí ibi tí òun jù ú sí.