Bí mo ṣe fi gọ́tà ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé wa kọ́ àwọn ọmọ ìwé kẹrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì

Olùkọ́ ni mí ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan ní Ìbàdàn, ní apá ibi tí odò Ògùnpa gbà kọjá, ìwé kẹrin ni mo sì ń kọ́. Àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ mi tó bí àádọ́ta. Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé, òun náà ni wọ́n fi ń ṣeré, òun ni wọ́n sì fi ń ra àkàrà lẹ́nu géètì. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n mọ̀, inú ìwé kíkà ni wọ́n ti bá a pàdé, ọ̀pọ̀ gbólóhùn inú ìwé náà ni kò sì ní í ṣe pẹ̀lú ohunkóhun tí wọ́n ti fojú rí. Bẹ́ẹ̀ ni gọ́tà kan wà níwájú ilé-ìwé wa tí ọ̀rá píọ́wọ́tà, ike, ewé tí wọ́n fi pọ́n mọ́ínmọ́ín àti pàǹtí ọjà máa ń dí pa. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi inú rẹ̀ á ya wọ ọgbà wa, á sì bá wa dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kẹta tó kọjá ni mo pinnu láti mú gọ́tà náà wọ inú iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo ṣe ni mo fẹ́ ròyìn, títí kan ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣìnà.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ni mo fi ṣòfò. Mo kọ àyọkà gígùn kan sójú pátákó nípa ooru tó ń mú sí i láyé, igbó tí wọ́n ń gé lulẹ̀, àti òkun tó ń kún, mo sì fi ìbéèrè àkàyé mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ náà dà á kọ dáadáa. Wọ́n ka “climate change” àti “deforestation” tẹ̀lé mi bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì lákàsórí. Ọ̀nà tí wọ́n sì gbà dáhùn ìbéèrè ni pé wọ́n wá gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ti ìbéèrè, wọ́n sì dà á kọ pẹ̀lú. Gbogbo wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba máàkì tán. Nígbà tí mo wá ní kí ọmọ kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí àyọkà náà ń wí, kódà ní Yorùbá, ó dákẹ́, ẹlòmíràn tí mo sì pè náà dákẹ́. Sáyẹ́ǹsì tí kò yé wọn ni mo kọ́ wọn, n kò sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì kankan tí wọ́n lè fi sọ̀rọ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà ilé-ìwé wa láti sọ fún wọn pé mo fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn, pé mo fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde. Wọ́n ní, “Àǹtí, ṣé èyí kò ní í ba skíìmù iṣẹ́ sáà yìí jẹ́ báyìí? Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò lè dé nígbàkúgbà.” Mo dáhùn pé, “Rárá, mà. Bí skíìmù bá ní ọ̀rọ̀-atọ́kùn (preposition) ló kàn, ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni n óò kọ́. Àpẹẹrẹ nìkan ni n óò pààrọ̀.” Wọ́n fọwọ́ sí i. Èrò yìí kì í ṣe tèmi nìkan. Nígbà tí UNESCO, àjọ tó ń rí sí ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, àti ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pe ìpàdé ńlá lórí ẹ̀kọ́ àyíká sí Tbilisi, ní ilẹ̀ Jọ́jíà, ní 1977, ohun tí ìpàdé náà dámọ̀ràn ni pé kí ẹ̀kọ́ àyíká gba inú oríṣiríṣi iṣẹ́ kọjá, kí ó má ṣe dá dúró bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Fún olùkọ́ tí skíìmù rẹ̀ ti kún dé ẹnu, ọ̀nà tó ṣeé tọ̀ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò kò rọ̀, mo pín wọn sí ọ̀nà méjì, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan dúró sójú títì nítorí ọkọ̀, mo sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ohunkóhun nínú omi náà. Ìwé àti pẹ́ńsù ni wọ́n mú dání. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ jẹ́ ti Yorùbá: kí kálukú sọ ohun tó rí. Ariwo sọ. Àwọn tí kì í lahùn nínú kíláàsì ń bá ara wọn jà lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tó ní kí á wá Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tí wọ́n ti sọ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ṣì gbà pé ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní àsìkò Gẹ̀ẹ́sì ń ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ ni. Iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 kò gbe irú èrò bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní àwọn iṣẹ́ wọn, tí Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin iṣẹ́, àwọn ọmọ náà kò sì kẹ́yìn ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí mo rí lẹ́bàá gọ́tà bá èyí mu: ọmọ tó ti ní ohun tó fẹ́ sọ ni yóò béèrè pé, “Àǹtí, kí ni wọ́n ń pe èyí ní Gẹ̀ẹ́sì?”

Ọ̀rọ̀-atọ́kùn ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ní Yorùbá, “ní” ni a máa ń lẹ̀ mọ́ inú, orí, abẹ́ tàbí ẹ̀gbẹ́, ó sì di nínú, lórí, lábẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Wọ́n ya gọ́tà náà, wọ́n sì kọ gbólóhùn sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán: “The leaves are on the water. The stones are in the gutter. The bottle is under the slab.” Ibi tí àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ni ti ọ̀rá píọ́wọ́tà, bóyá “in the water” ni tàbí “on the water”. Ọmọ kan ní ó ń léfòó, òmíràn ní èyí tí òun rí ti rì, iyanrìn ti wọ inú rẹ̀. A padà lọ wò ó. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti fúnra wọn rí i pé èyí tó ń léfòó ni omi ń gbé lọ sọ́nà odò, èyí tí iyanrìn ti wọ̀ ló ń jókòó síbẹ̀ tí ó ń dí ojú omi. N kò bá tí lè ro irú ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀-atọ́kùn bẹ́ẹ̀ ní ìjókòó.

Ọ̀rọ̀-orúkọ aṣeékà àti aláìṣeékà ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Àṣìṣe tí mo ti ń fi bírò pupa mú láti ọdún pípẹ́ ni “many rubbishes” àti “three sachet”. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: a ń sọ pé ìdọ̀tí púpọ̀, a ń sọ pé ọ̀rá púpọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ kò sì yí padà nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n Yorùbá ní ìyàtọ̀ náà níbòmíràn, mo sì lọ gbé e níbẹ̀. Mo bi wọ́n pé, ǹjẹ́ a lè sọ pé “ọ̀rá mélòó”? Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. “Ìdọ̀tí mélòó” ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní rárá, a ó ní báwo ni ìdọ̀tí náà ṣe pọ̀ tó. Mo ní, “Ibi tí ẹ bá ti lè sọ mélòó, ẹ sọ ‘how many’, kí ẹ sì fi ‘s’ sí i. Ibi tí mélòó bá ti kọ̀, ‘how much’ ni, ẹ má fi ‘s’ kankan sí i.” Ọmọbìnrin kan gbé ọwọ́ sókè: “Àǹtí, wọ́n máa ń bi ìyá mi pé omi mélòó ni wọ́n fẹ́ rà.” Ìbéèrè gidi ni. Mo ní kó sọ fún wa ohun tí wọ́n ń kà gan-an nígbà náà, ó rò ó, ó ní ọ̀rá ni. Bí “How many sachets of water?” ṣe bọ́ sójú pátákó nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti ní ìwé ìkàyè kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ọmọ mẹ́rin a lọ síbi gọ́tà, wọn a ka ọ̀rá, ike àti agolo tí wọ́n bá rí láàrin géètì àti òpó iná, wọn a sì ròyìn fún kíláàsì ní gbólóhùn tó pé. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, 112 ni ọ̀rá tí wọ́n kà. “We counted one hundred and twelve sachets. We saw a lot of rubbish.” Ọmọ tó bá sọ “rubbishes”, gbogbo kíláàsì ló ń dá a lóhùn pé, “Mélòó?”

Gbólóhùn kan tí mo fúnra mi kọ ló mú wa dé ibi tí n kò gbèrò. Mo ti kọ “The gutter is blocked” sójú pátákó gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, mo sì ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní, “Wọ́n ti dí gọ́tà.” Mo wo ìtumọ̀ wọn, mo sì rí i pé Yorùbá fi ẹnì kan síbẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi síbẹ̀. Mo bi wọ́n pé, “Ta ni ‘wọ́n’ yẹn?” Wọ́n dárúkọ àwọn ará ọjà, àwọn awakọ̀, àwọn tó ń gbé lókè ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin kan láti ẹ̀yìn sọ pẹ̀lẹ́ pé, “Àǹtí, èmi náà máa ń ju tèmi síbẹ̀.” N kò bá a wí. Mo ní kí gbogbo wọn wá olùwà fún gbólóhùn náà ní Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ wọn sì kọ “We block the gutter.” Bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń fi olùṣe pamọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ìwé kẹrin, n kò sì lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ra fún irú gbólóhùn tí mo ń kọ sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá kan àyíká.

Fún àsìkò tó ti kọjá, mo rán wọn sí àwọn àgbà ilé wọn láti béèrè nípa omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, tàbí, bí àgbà ilé kò bá tíì sí ní Ìbàdàn nígbà náà, nípa òjò ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tó gbé afárá lọ. Yorùbá ni wọ́n fi béèrè, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èsì. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí pé nǹkan ti kọjá, nítorí náà “rain fall on Sunday” ló kọ́kọ́ kún inú ìwé wọn. A wá jọ kó “fell”, “rose”, “ran” àti “lost” jọ láti inú ìtàn tí wọ́n mú wá, wọ́n sì mọ̀ wọ́n ju bí wọ́n ṣe máa ń mọ àkójọ inú ìwé lọ. Àṣìṣe kan yà mí lẹ́nu. Ọmọ tó ń ròyìn ìyá àgbà rẹ̀ kọ “They said they climbed the roof”, èèyàn kan ṣoṣo ló sì ń sọ. Ọ̀wọ̀ ló bù fún ìyá àgbà, ó lo “wọ́n” bó ṣe yẹ ọmọ tí a kọ́. Mo ṣàlàyé fún un pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohun tí yóò fi gbé ọ̀wọ̀ yẹn, pé “she” kì í ṣe àfojúdi sí ìyá àgbà, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kọnkéré odò Ògùnpa lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé ìṣẹ̀lẹ̀ 1980 ló mú kí ìjọba la ojú odò náà tí wọ́n sì fi kọnkéré tẹ́ ẹ.

Iṣẹ́ tó kẹ́yìn ni pátákó ìkìlọ̀. “Do not throw rubbish into the gutter” ni wọ́n kọ, inú wọn sì dùn sí i, títí mo fi bi wọ́n bóyá ìyá alákàrà yóò lè kà á. A fi Yorùbá kún un. Ẹni àkọ́kọ́ kọ “Má da ìdọ̀tí sí gọ́tà”, àwọn yòókù kígbe pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì di “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má da ìdọ̀tí sí gọ́tà”. Nígbà náà ni wọ́n padà lọ fi “Please” sí iwájú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá alákàrà béèrè ohun tí a fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rá ṣe bí kò bá sí ibi tí wọ́n lè dà á sí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. Ọ̀gá àgbà wa gba dúrọ́ọ̀mù ìdalẹ̀nù kan lọ́wọ́ òbí kan, a gbé e sẹ́nu géètì.

Ní ti máàkì, mo pín àròkọ ìparí sáà sí ọ̀nà méjì, mo fún èdè ní tirẹ̀, mo sì fún òótọ́ ohun tí ọmọ rí ní tirẹ̀, kí ọmọ tó kàn fẹ́ kọ ohun tó dára létí olùkọ́ má baà gbapò lọ́wọ́ ẹni tó wò ó dáadáa. Àwọn mẹ́ta ṣì kọ nípa òkun tó ń kún, wọ́n dà á láti inú àyọkà mi àkọ́kọ́.

Ìwé ìkàyè fi hàn pé ọ̀rá tó wà nítòsí géètì dín kù lẹ́yìn tí dúrọ́ọ̀mù náà dé: ní ọjọ́ Ajé tó kẹ́yìn sáà, 41 ni wọ́n kà. Síbẹ̀ òjò oṣù keje ṣì gbé pàǹtí wá láti òkè ọ̀nà, omi sì wọ ọgbà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ọmọ náà ti kọjá sí ìwé karùn-ún, níbi tí wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń kọ lẹ́tà sí aláṣẹ, mo sì ti bá olùkọ́ wọn tuntun sọ ọ́ pé alága ẹgbẹ́ onílé ti òkè ọ̀nà ni kí lẹ́tà àkọ́kọ́ lọ bá. Mo ti fún un ní ìwé ìkàyè náà, pẹ̀lú iye ọ̀rá ti ọjọ́ Ajé mẹ́sàn-án nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè fi iye gidi sínú lẹ́tà wọn.