Àwọn Àṣìṣe tí Ń Jẹ Owó Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun ní London

Oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kìíní ni àwọn yunifásítì London máa ń gba ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ìgbà méjèèjì yìí náà ni ara mi kì í sì í balẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti òkè òkun wá nímọ̀ràn lórí ilé, físà àti owó, ọmọ Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn tí ń jókòó sí iwájú mi. Owó ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ni ó ń dùn mí, nítorí pé kálukú ti mọ iye rẹ̀ kí ó tó kúrò nílé. Èyí tí ó ń bí mi nínú ni owó ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, owó tí ìkánjú àti ìtìjú ń gbà lọ́wọ́ wọn, tí kò sì sí bébà kan báyìí tí a lè fi tọ ipasẹ̀ rẹ̀. N kò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń gba físà níhìn-ín. Ẹni tí físà rẹ̀ ti jáde ni mo ń bá wí.

Èkínní, owó àfihàn tí a yá. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kàwé ní London fi hàn pé òun ní £1,529 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, títí dé oṣù mẹ́sàn-án, yàtọ̀ sí owó ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá ṣẹ́kù, kí owó náà sì ti wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 gbáko. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £13,761. Àwọn kan á yá a pẹ̀lú èlé, wọ́n á dá a padà fún olówó ní ọjọ́ tí físà bá jáde, wọ́n á sì wọ ọkọ̀ òfuurufú pẹ̀lú £600 nínú àpò. Wọ́n rò pé ìjọba kàn fẹ́ fi iye yẹn dẹ́rù bani ni. Rárá o, ohun tí ẹni tí ń ṣọ́ owó ná ń ná gan-an nìyẹn.

Èkejì, ẹ má ra ẹ̀wù òtútù nílé. Èyí tí wọ́n bá tà fún yín ní Yábà kò mọ ohun tí ń jẹ́ oṣù Kejì ní London.

Ẹ̀kẹta, ẹ má di ẹran gbígbẹ, kílíṣí tàbí wàrà sínú ẹrù. Òfin kò gbà kí èrò ọkọ̀ kó ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe láti Nàìjíríà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn aṣọ́bodè yóò sì gbà á dànù lójú yín. Èlùbọ́, gàrí àti ẹ̀gúsí kún Rye Lane ní Peckham àti ọjà Ridley Road ní Dalston fọ́fọ́, ẹ kò nílò láti tìtorí wọn san owó ẹrù tí ó wúwo jù.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Láti 2014 ni àwọn bọ́ọ̀sì London kò ti gba owó ọwọ́ mọ́. Káàdì Oyster tí à ń kó owó ọkọ̀ sí, káàdì bánkì tàbí fóònù ni à ń fi kan ẹ̀rọ. Nínú bọ́ọ̀sì, a ó kàn án nígbà tí a bá ń wọlé nìkan. Ní ọkọ̀ ojú irin, a ó kàn án nígbà tí a bá ń wọlé, a ó sì tún kàn án nígbà tí a bá ń jáde, nítorí pé bí ẹ̀rọ kò bá mọ ibi tí ènìyàn sọ̀ sí, owó tí ó ga jù lọ ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò fi ọkàn sí ni pé káàdì bánkì tí ó wà lọ́wọ́ àti káàdì yẹn kan náà tí ó wà nínú fóònù kì í ṣe ọ̀kan lójú ẹ̀rọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àkáǹtì kan ṣoṣo ni owó ti ń jáde. Ẹni tí ó bá fi fóònù wọlé ní Stratford, tí ó fi káàdì jáde ní Oxford Circus, ìrìn àjò méjì tí kò parí ni ó rìn, méjèèjì ni yóò sì san owó gọbọi lé lórí. Bákan náà, iye kan wà tí owó ọkọ̀ kì í kọjá lójúmọ́ àti lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í tètè pé fún ẹni tí ń pààrọ̀ wọn. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì rọ̀ mọ́ ọn.

Lórí ọkọ̀ yìí náà, ọkùnrin kan tí ó ti lé ní ọmọ ọdún 35 fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un pé kí ó lọ gba Railcard, káàdì ẹ̀dínwó ọkọ̀ ojú irin, èyí tí wọ́n ń pè ní 16-25. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo irùngbọ̀n mi, ó ti ń funfun.” Orúkọ rẹ̀ ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé lójoojúmọ́, tí kì í ṣe alákòókò díẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ sí i bí ó ti wù kí ó dàgbà tó, bí yunifásítì bá ti lè jẹ́rìí sí i. Bí òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ bá sì ti so ó mọ́ Oyster, ìdá kan nínú mẹ́ta yóò kúrò nínú owó ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tí èrò kò pọ̀. Oríṣiríṣi àwọn tí ń kàwé fún oyè másítà, baba ọlọ́mọ mẹ́ta àti ìyá ọlọ́mọ méjì, ni ó ń san owó yìí ní pípé títí wọ́n fi parí ẹ̀kọ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ilé. Ìyàwó mi ní bí mo bá ti gbọ́ “dìpọ́síìtì”, owó tí ayálégbé ń fi sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé títí yóò fi kó jáde, ojú mi á pọ́n bí ẹni tí ata ta sí lójú, n kò sì lè jiyàn. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Woolwich, ìrẹsì tutù mọ́ mi lọ́wọ́ nítorí pé ẹni tí ó jókòó tì mí ṣèèṣì mẹ́nu kan onílé rẹ̀, mo sì ń da ìbéèrè bò ó títí tí wọ́n fi palẹ̀ àwo mọ́. Wọn kò tíì pè mí sí ìnáwó mìíràn nínú ẹbí yẹn.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n àwọn tí ń pa òwe yìí fún mi ti san owó yàrá tí wọn kò fi ojú rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi £1,300 ránṣẹ́ láti Ìbàdàn sí “brọ̀dá” kan tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tí ó fẹ́ jápa. Brọ̀dá fi fọ́tò yàrá ránṣẹ́, ibùsùn ńlá, fèrèsé tí ó kọjú sí ọgbà. Ó bá ìyá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó pè é ní Mọ́mì, ó sì gbàdúrà fún un. Nígbà tí ọmọ dé Abbey Wood pẹ̀lú báàgì onítáyà méjì lálẹ́, obìnrin òyìnbó kan ni ó ṣílẹ̀kùn, ilé tirẹ̀ ni, kò sì gba ayálégbé rí. Àdírẹ́sì wà lóòótọ́, yàrá ni kò sí. Mo ní kí ó fi ìwé ẹ̀rí owó hàn mí. Ohun tí ó wà nínú fóònù rẹ̀ ni: “Owó ilé àti dìpọ́síìtì ti wọlé. Olúwa á gbé ọ dé láyọ̀.” Nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Gbájúẹ̀ yìí kò ní agbára kankan lórí ẹni tí ó bá gba yàrá ìgbà díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wo ilé, tàbí tí ó rán ẹni tí ó mọ̀ dájú lọ kí ó tó san kọ́bọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnikẹ́ni lè lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó san £7 fún HM Land Registry, iléeṣẹ́ ìjọba tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ àti ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó sì ka orúkọ ẹni tí ó ni ilé náà. Ẹni tí ó lè fi £1,300 ránṣẹ́ kò yẹ kí ó ṣe ahun sí £7.

Òfin tilẹ̀ wà lẹ́yìn ayálégbé ju bí a ti rò lọ. Láti oṣù Kẹfà 2019, àjẹ́ǹtì ní England kò gbọ́dọ̀ gba owó fún wíwo ilé, fún kíkọ àdéhùn tàbí fún wíwádìí ayálégbé. Owó tí a fi ń di ilé mú kò gbọ́dọ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ kan lọ. Dìpọ́síìtì kò gbọ́dọ̀ ju ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ bí owó ilé kò bá tó £50,000 lọ́dún, akẹ́kọ̀ọ́ wo ni yóò sì gbé ilé £50,000? Láàárín ọjọ́ 30, onílé gbọ́dọ̀ fi dìpọ́síìtì náà sínú ọ̀kan nínú àwọn ètò mẹ́ta tí ìjọba fọwọ́ sí, kí ó sì sọ èyí tí ó fi í sí fún yín. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ pé kí ó san iye owó náà fún yín ní ìlọ́po kan títí dé mẹ́ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ààbò dìpọ́síìtì yìí kò bo ẹni tí ń gbé pẹ̀lú onílé nínú ilé kan náà, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná. Kò pọn dandan kí irú onílé bẹ́ẹ̀ fi dìpọ́síìtì pamọ́ sí ibì kankan, ó sì lè ní kí ayálégbé kó jáde lẹ́yìn ìkìlọ̀ díẹ̀ láìfẹsẹ̀ kan ilé ẹjọ́. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ń gbé, ní yàrá kan lókè ilé Mọ́mì tàbí Dádì tí wọ́n mọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọbìnrin kan ní Thamesmead fẹ́ kó jáde lẹ́yìn ọdún kan, Mọ́mì sì yọ £200 nínú owó rẹ̀ nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí, òórùn irú ti wọ kọ́tìnì. Ìjẹ̀bú ni Mọ́mì. Nínú ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jọ ń jẹ irú náà. Ní ọjọ́ tí ọmọ yìí kọ́kọ́ béèrè àdéhùn alákọsílẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé, “Ṣé o kò fọkàn tán mi ni? Mo fi ọ́ ṣe ọmọ o.” Ojú tì í, ó dákẹ́.

Ẹ kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì gba ìwé. Kíkí àgbà àti gbígba ìwé kò tako ara wọn. Bébà kan ṣoṣo tó: orúkọ wọn, orúkọ yín, iye owó ilé, iye dìpọ́síìtì, ohun tí a lè torí rẹ̀ yọ nínú rẹ̀, àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ fún tọ̀tún tòsì. Kí owó sì gba bánkì kọjá. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ẹ ya fọ́tò ògiri, ibùsùn àti kọ́tìnì, kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí Mọ́mì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọpẹ́.

Èyí tí ó burú jù ni ẹni tí ń fi ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, ṣòwò, tí ó kó jáde nínú ilé tí wọ́n fún un ní owó pọ́ọ́kú, tí ó sì ń yá akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní owó ọjà. Láti 2013 ni òfin ti sọ èyí di ọ̀ràn tí ó lè gbé ẹni tí ó bá fi èrú ṣe é dé ẹ̀wọ̀n, ọjọ́ tí àṣírí bá sì tú, ayálégbé ni yóò wà níta pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Àmì rẹ̀ kò ṣòro: wọ́n á ní kí ẹ má fún bánkì ní àdírẹ́sì náà, kí ẹ má sì ṣílẹ̀kùn fún ẹni tí ó bá mú fáìlì dání.

Ẹ wo àwòrán ìlú kí ẹ tó wo owó ilé. Ẹni tí ó gba yàrá ní Dagenham nígbà tí kíláàsì rẹ̀ wà ní Uxbridge yóò la London já láti ìlà-oòrùn dé ìwọ̀-oòrùn, lójoojúmọ́.

Lórí iṣẹ́, ogún wákàtí lọ́sẹ̀ ni físà ọ̀pọ̀ yín gbà ní àkókò ẹ̀kọ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú, àpapọ̀ gbogbo iṣẹ́ yín ni a sì ń kà. A kì í ṣe ọgbọ̀n lọ́sẹ̀ yìí kí a wá fi mẹ́wàá dí i lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Fún ẹni tí ń kàwé fún másítà, oṣù tí ó fi ń kọ iṣẹ́ ìwádìí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sábà máa ń jẹ́ àkókò ẹ̀kọ́, ohun yòówù tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́ lè máa ṣe. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gba òwò àdáni rárá, nítorí náà, kíkó oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú áàpù, irun dídì nílé fún owó, àti títa áńkárá lórí Instagram ti rú òfin kí a tó ka wákàtí kankan.

Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà àdúgbò kí àìsàn tó dé. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sì ti san £776 owó ìlera fún ọdún kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ ń gba físà. Bí gbogbo ará ilé bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kàwé lójoojúmọ́, ilé náà kò ní í san owó orí káńsù, ṣùgbọ́n ẹ ní láti fi ìwé yunifásítì ránṣẹ́ kí ìwé owó má baà máa wá.

Ní ti ìrìn àjò, físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbé ọmọ Nàìjíríà dé Paris. Ní ibùdókọ̀ St Pancras gan-an ni àwọn aṣọ́bodè Faransé ti ń wo ìwé ìrìnnà, ibẹ̀ ni wọ́n á sì ti dá ẹni tí kò ní físà Schengen, èyí tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, padà, tíkẹ́ẹ̀tì olówó ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Dublin náà ń béèrè físà tirẹ̀. Ẹ má sì dúró de káàdì físà mọ́, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó wà báyìí; ẹni tí ó bá gba ìwé ìrìnnà tuntun gbọ́dọ̀ lọ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì rẹ̀ lọ́dọ̀ UKVI, ẹ̀ka ìjọba tí ń rí sí físà, kí ó tó lọ ṣe Kérésìmesì nílé, nítorí pé Ìkẹjà ni òṣìṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú yóò ti wá físà náà tì, tí kíláàsì oṣù Kìíní yóò sì bẹ̀rẹ̀ láìsí i níbẹ̀.