Bí a ṣe ń fi páálí àti bọ́ọ̀lù pinpọ́n ṣe Dalek

Bọ́ọ̀lù pinpọ́n 28 ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Tí ẹ bá gé wọn sí méjì-méjì, ẹ ó rí ààbọ̀ bọ́ọ̀lù 56. Iye kókó tó yí yẹ̀rì Dalek (ìsàlẹ̀ ara rẹ̀) ká nìyẹn: ìlà 14, kókó mẹ́rin lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀kan lé e fún ojú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá mọ Dalek, òun ni ọ̀tá tó lókìkí jù nínú eré tẹlifíṣọ̀n Doctor Who ti BBC. Róbọ́ọ̀tì ni ọ̀pọ̀ ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀dá abẹ̀mí kan ló wà nínú irin yẹn tó ń darí rẹ̀. Terry Nation ló kọ ìtàn náà, Raymond Cusick ló ya bí yóò ṣe rí. (Ridley Scott ni wọ́n kọ́kọ́ yan iṣẹ́ náà fún, àyè ni kò gbà á.) Ilé iṣẹ́ Shawcraft ní Uxbridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kan mẹ́rin àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1963, rọ́bà onígi tí wọ́n fi ń ṣí sìǹkì tó dí nìkan ni òǹwòran rí kí eré tó parí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni Dalek fúnra rẹ̀ tó yọ.

Cusick ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹsẹ̀ èèyàn. Òṣèré jókòó sínú rẹ̀ lórí àga kékeré, ó ń fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀, táyà abẹ́ rẹ̀ ń yí, gbogbo rẹ̀ wá ń yọ́ lọ bí ẹni tí kò tẹlẹ̀. Àwa tí a mọ eégún kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí ẹsẹ̀ bá ti yọ lábẹ́ ẹ̀kú, ẹ̀rù ti dínkù. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ti ń gé páálí.

Ní ti ìwọ̀n, kókó ara Dalek gidi fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10, bọ́ọ̀lù pinpọ́n sì fẹ̀ ní 4. Tiwa yóò jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún, gíga rẹ̀ yóò sì tó 64. Bí mo ṣe pín in nìyí: ìpìlẹ̀ 4, yẹ̀rì 28, èjìká 14, ọrùn 8, orí 10.

Yẹ̀rì ló le jù. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe dà bí garawa tí a dojú rẹ̀ dé, torí mo ṣe é róbótó. Dalek kì í ṣe róbótó: iwájú rẹ̀ yọ síta, ó dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan. Ẹ gé páálí méjì tó nípọn. Kí ti ìsàlẹ̀ gùn ní 42, kó fẹ̀ ní 32. Kí ti òkè gùn ní 27, kó fẹ̀ ní 25. Ẹ ká páálí bí ọ̀pá mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ní 28, kí ẹ fi wọ́n gbé ti òkè dúró lórí ti ìsàlẹ̀. Ẹ má gbé e sí àárín o! Ẹ fi àyè 3 sílẹ̀ lẹ́yìn, 12 níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹ pín etí méjèèjì sí ọgbọọgba 14, bẹ̀rẹ̀ láti àárín iwájú, kí ẹ wọn àyè kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gé páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí yóò bò ó. Wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì bára mu, torí náà méje péré lẹ ó wọ̀n.

Bọ́ọ̀lù tí ojú ìsopọ̀ rẹ̀ hàn ni kí ẹ rà. Ojú ibẹ̀ ni kí abẹ gbà. Ẹ má fi irin gbígbóná gé e, torí bọ́ọ̀lù àtijọ́ máa ń gbiná wàràwàrà. Ẹ kùn wọ́n kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n. Àwọn ti 1963 ní ara fàdákà àti kókó búlúù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dúdú àti funfun ni tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà.

Èjìká kò le: páálí tí ẹ ká, tó fún díẹ̀ lókè, pẹ̀lú ihò méjì níwájú. Rọ́bà kékeré tó ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì, lórí ọ̀pá báírò, ni apá. Wáyà tí ẹ tẹ̀ bí ohun tí a fi ń po ẹyin ni ìbọn. Fún ọrùn, ẹ to òrùka páálí mẹ́ta léra, kí ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn dúdú dí àárín wọn. Irú ibẹ̀ gan-an ni òṣèré inú rẹ̀ ti ń wòde. Abọ́ ike tí ẹ dojú rẹ̀ dé ni orí, kí ojú gígùn yọ níwájú rẹ̀, kí iná kékeré méjì sì wà lókè. Iná yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ó ń tàn bí ó bá ń sọ̀rọ̀, kí èèyàn lè mọ èwo nínú wọn ló ń fọhùn.

Ohùn ló kù. Peter Hawkins àti David Graham ló sọ ọ́, Brian Hodgson ní BBC Radiophonic Workshop (ẹ̀ka tó ń ṣe ìró fún eré) sì gba ohùn wọn kọjá nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní ring modulator. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ nínú Audacity (ètò tí a fi ń gba ohùn, tí a sì fi ń tún un ṣe), ẹ yan gbogbo rẹ̀, ẹ ṣí Nyquist Prompt (àyè tí a ń kọ àṣẹ sí nínú rẹ̀), ẹ tẹ (mult *track* (hzosc 30)) síbẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ ní sílébù-sílébù, láìgbé ohùn sókè, láìrẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bá ọmọ Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di nǹkan kan náà lẹ́nu Dalek. Mo wá gbólóhùn tó jẹ́ ohùn àárín látòkè délẹ̀, tí kò ní pàdánù ìtumọ̀ kankan, mo sì rí ọ̀kan. Ní báyìí, ohun tí Dalek tèmi ń fi dẹ́rù ba àwọn ọmọ ilé ni: "Mo jẹ ẹran. Mo jẹ ẹran."