Bí ẹ ṣe lè fi ohun tó ti wà ní sítọ̀ yín pọn bíà

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ pọntí nílé ti máa ń ṣìṣe ni pé ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà lọ. Ẹ fọjà sílẹ̀ ná jàre. Ẹ ṣílẹ̀kùn sítọ̀, ẹ wo inú fíríìsà, ẹ wẹ̀yìnkùlé, kẹ́ẹ kó gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì kẹ́ẹ tó mọ irú ọtí tó lè tibẹ̀ jáde. Ohun témi rí nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn ni ọkà bàbà bíi kílò 2 tá a rà fún ògì tẹ́nikẹ́ni ò ráyè rẹ, ìyẹ̀fun àgbàdo bí ìdajì kílò nísàlẹ̀ nylon, ṣúgà tó ti ń dì, yíìsì búrẹ́dì sáṣẹ́ẹ̀tì kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà mẹ́ta tó ti dúdú kọjá dòdò, ewúro sì wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn mo yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àgàdàgídí nìyẹn máa dà lọ́jọ́ míì. Àwọn tó kù, bíà ni.

Kẹ́ẹ tó da omi sí nǹkan kan, ẹ ṣírò ṣúgà. Ṣúgà ni yíìsì ń jẹ tó fi ń di ọtí, iye ṣúgà tẹ́ ẹ bá ní ló máa sọ bí ọtí yín ṣe máa le tó. Tí lítà omi kan bá ní ṣúgà 100 gíráàmù nínú, ọtí tó máa jáde á tó bíi 5 nínú 100, bíà gidi nìyẹn. Ọkà kílò kan, mo máa ń ka ṣúgà 400 gíráàmù fún un, ẹni tó mọwọ́ ẹ̀ dáadáa lè rí jù bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ má fojú kòkòrò ṣírò. Ọkà bàbà kílò 2 yẹn, tó bá hù tó gbẹ tán, á kù bíi kílò 1 àti ààbọ̀, ìyẹn á fún wa ní ṣúgà 600 gíráàmù, ìyẹ̀fun àgbàdo gbé 200 wá, mo wá fi ṣúgà inú agolo 200 dí i, gbogbo ẹ̀ jẹ́ kílò kan, lítà 10 ni mo lè pọn nìyẹn, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Bí ọkà tiyín bá kéré, omi ni kẹ́ẹ dín, ẹ má da ṣúgà bò ó, torí ọtí tí ṣúgà pọ̀ ju ọkà lọ nínú ẹ̀ á kàn fẹ́lẹ́ lẹ́nu ni, bí ìgbà téèyàn ṣan ife bíà tó sì mu omi tó fi ṣàn án.

Ohun tó kù ni pé yíìsì ò lè jẹ ọkà bẹ́ẹ̀. Stáàṣì ló wà nínú ọkà, àfi kí ọkà yẹn hù kí ohun tó ń sọ stáàṣì di ṣúgà tó jí nínú ẹ̀. Ìdí nìyẹn táwọn ìyá tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ fi máa ń jẹ́ kí àgbàdo hù kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Tẹ́nìkan bá sọ fún yín pé kò sí bíà láìsí bálì, ìyẹn ọkà tí wọ́n fi ń pọn bíà nílẹ̀ òkèèrè, ẹ sọ fún un pé lọ́dún 1988 ìjọba Nàìjíríà fòfin de bálì tí wọ́n ń kó wọlé fún ọtí, ọkà bàbà àti àgbàdo làwọn iléeṣẹ́ bíà sì gbá mú, aráyé ń mu ún lọ.

Híhu ọkà yìí ló máa ń gba sùúrù jù. Ẹ kọ́kọ́ ka hóró 20, ẹ fi í sínú aṣọ tútù fọ́jọ́ méjì, tí 15 ò bá hù nínú ẹ̀ ọkà yẹn ti kú, ẹ fi ṣe ògì. Ọkà tí wọ́n fi oògùn kòkòrò sí, tàbí ti gbígbìn tí wọ́n fi oògùn pupa kùn, kò sóhun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe lẹ́nu. Tó bá yè, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 24, kẹ́ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kó má bàa rùn. Ẹ sẹ́ ẹ, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó mọ́ níbi tí oòrùn ò dé, ẹ fi aṣọ tútù míì bò ó, kẹ́ẹ máa wọ́n omi sí i kẹ́ẹ sì máa fọwọ́ yí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún bí ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ má ṣe é nípọn jù o, ńṣe ló máa ń gbóná nínú tí á sì bu. Èyí tó bá bu, tẹ́ ẹ rí nǹkan aláwọ̀ ewé tàbí dúdú lára ẹ̀, kì í ṣe pé kẹ́ẹ ṣa ibẹ̀ kúrò, ẹ da gbogbo ẹ̀ nù.

Lẹ́yìn náà ẹ sá a sóòrùn títí táá fi gbẹ kanrankanran, ẹ wá fọwọ́ ra á kí gbòǹgbò àti ehù ẹ̀ já kúrò, kẹ́ẹ fẹ́ ẹ dànù. Ẹ má fojú kékeré wo èyí. Ehù ọkà bàbà ní nǹkan tó ń di májèlé cyanide, fífẹ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ àti sísè tẹ́ ẹ máa sè é láìdé e ló ń lé e lọ, ẹ má sì fún ewúrẹ́ ní ehù yẹn jẹ. Ẹ wá lọ̀ ọ́, kó ṣe háráhárá, kì í ṣe kúnná bí ẹ̀lùbọ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ àdúgbò lẹ máa gbé e lọ, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fi ẹ̀rọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi lọ ata lọ̀ ọ́, èmi ti mu bíà ata rodo rí, ẹ̀kan yẹn tó mi.

Ó ku sísè. Ọkà bàbà le, àfi kó hó dáadáa kí stáàṣì ẹ̀ tó tú, bẹ́ẹ̀ iná tó ń tú stáàṣì yẹn ló ń pa ohun tó ń sọ ọ́ di ṣúgà. Ọgbọ́n tá a ń dá sí i nìyí: ẹ da ọkà lílọ̀ yẹn sínú omi tútù lítà 7, ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kó silẹ̀ bí ògì. Omi òkè ẹ̀, bíi lítà 5, ẹ rọra rọ ọ́ sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, inú omi yẹn ni ohun tó ń sọ stáàṣì di ṣúgà wà, ẹ má dà á nù bí omi ògì. Èyí tó nípọn nísàlẹ̀, ẹ pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo pẹ̀lú omi lítà 3 míì, ẹ sè é fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kẹ́ẹ máa rò ó kó má jó, á ki bí ẹ̀kọ. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó fẹ́ díẹ̀, ẹ wá da omi tútù inú bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn sí i. Torí pé gbígbóná àti tútù fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe déédéé, á bọ́ sí bíi 63 tàbí 65 lórí tẹmómítà, ibi tá a sì ń fẹ́ gan-an nìyẹn, kódà tẹ́ ẹ ò bá ní tẹmómítà. Ẹ dé e, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé ìkòkò yẹn fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí i, ẹ̀kọ tó ki yẹn á ti ṣàn bí omi, tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò ó ti dùn. Inú mi máa ń dùn síbẹ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà, mi ò tíì mọ́ ọn lójú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i dájú kó bu díẹ̀ sórí àwo funfun, kó kán iodine ilé oògùn sí i, tó bá dúdú bí áró stáàṣì ṣì wà ńbẹ̀, ẹ dé e padà (ẹ da èyí tẹ́ ẹ fi dán an wò nù).

Ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ fi omi gbóná bíi lítà 3 ṣan èérí ẹ̀ kó lè tó lítà 10 lẹ́yìn tó bá hó, ẹ da ṣúgà sí i, ẹ sè é fún wákàtí kan láìdé e. Ohun tó ń jẹ́ kí bíà korò ni hops, kò sì sí nílé mi, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ wa ti fi ewúro àti orógbó dán an wò dípò ẹ̀. Ẹ já ewúro ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ má fọ ìkorò ẹ̀ dànù bí ẹni fẹ́ sebẹ̀, ẹ dì í sínú aṣọ, ẹ jù ú sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15, kẹ́ẹ máa tọ́ ọ wò, tó bá ti korò tó lẹ́nu yín ẹ fà á yọ.

Látìgbà tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìmọ́tótó ló kù. Bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìdérí, ṣíbí, gbogbo ohun tó máa kàn án, omi híhó ni kẹ́ẹ fi ṣàn án. Ẹ gbé ìkòkò sínú omi tútù kó tètè tutù dé ibi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan ara ẹ̀ tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n sí gbígbóná, kẹ́ẹ tó da yíìsì sí i, torí pé èmi kánjú lọ́jọ́ kan, mo sè yíìsì jinná, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń yọjú wo omi tó dákẹ́. Ẹ dé e, ẹ má dé e pa, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ ráyè jáde. Á hó gùdùgùdù fọ́jọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, tó bá dákẹ́ tí kò tún dùn mọ́, ó ti tó.

Ìgò ike mínírà ni kẹ́ẹ rọ ọ́ sí, ẹ má lo ìgò gíláàsì, gíláàsì máa ń bú bí ìbọn tí ṣúgà bá pọ̀ jù. Ẹyọ ṣúgà onígun kan fún ìgò 50cl, ẹ dé e pa, ẹ fi í síta fọ́jọ́ méjì, ẹ máa fọwọ́ tẹ ìgò náà, tó bá ti le gbagidi ẹ yára gbé e sí fíríìjì, kẹ́ẹ mu ún tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì torí kì í pẹ́ kó tó kan. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má dà á nù, yíìsì ni, ẹ rọ ọ́ sínú jáà tó mọ́, ẹ má dé e le, ẹ gbé e sí fíríìjì, òun náà ti di ọ̀kan lára ohun tó wà nílé.