Bí A Ṣe Ń Wa Ọkọ̀ Láti Vancouver Lọ sí Whistler ní Ìgbà Òtútù

Òpópónà 99 tí ó gba Vancouver lọ sí Whistler, ní ẹkùn British Columbia ní orílẹ̀-èdè Kánádà, kò ju nǹkan bí 120 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, etí òkun ni ọ̀nà náà ti gbéra, ó sì ń gun òkè títí tí yóò fi dé ìlú kan tí ó fi nǹkan bí 670 mítà ga ju òkun lọ, níbi tí ọ̀pọ̀ ìdíje orí yìnyín ti wáyé nígbà Òlíḿpíìkì Ìgbà Òtútù ọdún 2010. Ẹni tí ó bá ń kánjú lè débẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ya ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọmọ sọ́tọ̀ fún un, nítorí pé ohun tí ojú yóò rí lọ́nà kò kéré sí èyí tí yóò rí níbi tí à ń lọ.

Táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá títí, ó kéré tán, di òpin oṣù Kẹta, òfin ẹkùn náà fi dandan lé e pé kí ọkọ̀ tí ó bá gba ọ̀nà yìí lo táyà ìgbà òtútù. Ẹ ó rí lẹ́tà M àti S lára rẹ̀, tàbí àwòrán òkè tí àmì ìràwọ̀ yìnyín kan wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ jẹ títí tí ìjìnlẹ̀ ojú rẹ̀ yóò fi dín sí 3.5 mílímítà. Èyí tí ó ní àwòrán òkè ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé òun ni ó ń di ilẹ̀ mú dáadáa nígbà tí yìnyín bá pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ háyà ọkọ̀ ni, ẹ béèrè irú táyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi ojú ara yín wò ó kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má ṣe fi ojú ọjọ́ Vancouver díwọ̀n ti Whistler. Òjò lásán lè máa rọ̀ létí òkun ní wákàtí kan náà tí yìnyín ń bo ọ̀nà mọ́lẹ̀ lókè, nítorí pé bí ilẹ̀ ṣe ń ga sí i ni òtútù ń le sí i. Ìkànnì DriveBC tí ìjọba ẹkùn náà ń bójú tó máa ń fi àwòrán láti inú kámẹ́rà ojú ọ̀nà hàn. Ẹ wò ó kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ tètè gbéra pẹ̀lú, nítorí pé ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní kété lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀: òwúrọ̀ Sátidé ni èrò ń wọ́ lọ sókè, ọ̀sán Sọ́ńdè ni wọ́n ń wọ́ padà.

Ọgbọ́n tí ó mú ìrìn-àjò yìí rọrùn jù lọ ni pé kí ẹ pín àwọn ibi ìdúró sí àlọ àti àbọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń lọ, apá òsì yín ni òkun Howe Sound wà, apá ọ̀tún ni òkè wà. Àwọn ibi tí ó wà lápá ọ̀tún ni kí ẹ yà sí ní àlọ, kí ẹ fi ti apá òsì sílẹ̀ fún àbọ̀, kí ẹ má baà máa sọdá níwájú ọkọ̀ tí ń bọ̀. Britannia Beach ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, níbi tí wọ́n ti wa bàbà láti inú òkè títí di ọdún 1974, tí ibi ìwakùsà náà sì ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Shannon Falls, ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ omi tí ó ń já bọ́ láti òkè tí ó ga tó 335 mítà. Láti ibi tí ẹ bá gbé ọkọ̀ sí, ìrìn ẹsẹ̀ díẹ̀ ni. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Stawamus Chief wà, àpáta ńlá kan ṣoṣo tí ó nà ró lójú ọ̀nà ní nǹkan bí 700 mítà, tí àwọn agunkè ti ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè nítorí rẹ̀. Ẹ sinmi ní Squamish, kí ẹ sì rọ epo kún ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ kíyè sí àwọn pátákó ojú ọ̀nà náà pẹ̀lú: èdè àwọn Squamish, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, wà lára wọn.

Lẹ́yìn Squamish, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í ga gan-an. Ẹ dín eré kù, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè tí ó wà láàárín yín àti ọkọ̀ iwájú fẹ̀ ju ti ìgbà gbogbo lọ. Omi tí ó ti dì, ṣùgbọ́n tí ojú kò rí, máa ń wà lórí afárá àti níbi tí òjìji òkè kò jẹ́ kí oòrùn dé. Bí ẹ bá gun irú ibẹ̀, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, ẹ kàn gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù díẹ̀díẹ̀ kí ẹ sì di ọwọ́ ọkọ̀ mú ṣinṣin. Ẹ má ṣe ya ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà sílẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ti dára jù. Ẹ má sì ṣe dúró létí títì nítorí àwòrán yíyà, bí ó ti wù kí ibẹ̀ lẹ́wà tó.

Àárín ìlú Whistler jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, nítorí náà àwọn ibi ìgbọ́kọ̀sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣeré orí yìnyín, kí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, nítorí pé owó ti ọjọ́ náà gan-an máa ń ga jù. Ẹni tí kò bá ṣeré náà lè wọ Peak 2 Peak, ọkọ̀ orí wáyà tí wọ́n ṣí ní ọdún 2008, tí ó so òkè Whistler àti Blackcomb pọ̀ lórí 4.4 kìlómítà, tí àfonífojì sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ní 436 mítà. Ní tèmi, bí ojú ọ̀run bá mọ́, kò sí ohun tí ó yẹ kí ẹ fi ṣáájú rẹ̀.

Ní ọjọ́ àbọ̀, ẹ gbéra kí ọ̀sán tó pọ́n, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó fún Brackendale, lẹ́bàá Squamish, níbi tí àwọn idì olórí funfun ti ń kóra jọ láti oṣù Kọkànlá láti jẹ ẹja sálímọ́nì tí ó kú lẹ́yìn tí ó ti yé ẹyin tán. Ní ọdún 1994, idì 3,769 ni wọ́n kà níbẹ̀. Bèbè odò ni kí ẹ dúró sí, ẹ má ṣe sún mọ́ wọn, nítorí pé ẹyẹ tí wọ́n bá lé kúrò nídìí oúnjẹ ń pàdánù okun tí ó fi ń la òtútù já. Bí yìnyín bá sì ń rọ̀ kíkankíkan ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ sun Whistler di ọjọ́ kejì, kí ẹ má sì ṣe jẹ́ kí máàpù inú fóònù darí yín gba Pemberton àti Duffey Lake: Òpópónà 99 kan náà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ dagun dagẹ̀rẹ̀ ju èyí tí ẹ gbà wá lọ, wọ́n sì máa ń tì í nígbà tí yìnyín bá fẹ́ ya lulẹ̀ láti orí òkè.