Iṣẹ́ Abẹ Tí Kò Ní Jẹ́ Kí Abo Ológbò Bímọ Mọ́: Ìtọ́jú Rẹ̀ Nílé

Abo ológbò lè lóyún kó tó pé oṣù 5, akọ tí wọ́n jọ bí lè fún un lóyún, ọ̀sẹ̀ 9 péré ló sì fi ń gbé e. Nítorí náà, bí ó bá ti pé oṣù 4 sí 5, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ẹ má fetí sí ẹni tó ní kó kọ́kọ́ bímọ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ bíbí kò fi nǹkan kan kún ìlera rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ abẹ tó tètè wáyé ń dín jẹjẹrẹ ọmú kù gidigidi, kì í sì í jẹ́ kí ọyún kún ilé ọmọ rẹ̀.

Ilé ẹyin méjèèjì ni dókítà máa ń yọ, ó sì sábà máa ń yọ ilé ọmọ mọ́ ọn. Bí ológbò bá ń ké wá akọ lọ́wọ́, ẹ sọ fún dókítà, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ máa ń wú nígbà náà. Bí ó bá ń fọ́mọ lọ́mú, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ já lẹ́nu ọmú ná. Kó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí kan ti dìgbòlugi, ṣáájú.

Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ gbé oúnjẹ kúrò ní nǹkan bí aago 10, ẹ fi omi sílẹ̀. Ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kó má lọ pa eku jẹ níta: bí ó bá bì lójú oorun abẹ́rẹ́, èébì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí ó bá rí nǹkan jẹ, ẹ sọ òótọ́, kí wọ́n sún ọjọ́ síwájú. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù 4 kò gbọ́dọ̀ sùn lébi; wákàtí díẹ̀ tó fún un, dókítà yóò sọ iye rẹ̀. Kéèjì tó ní ìlẹ̀kùn ni kí ẹ fi gbé e, kì í ṣe àpò.

Òtútù ni ọ̀tá alẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ má tẹ́ ẹ sórí táìlì lásán, ẹ pa fáànù, ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sílẹ̀ ní yàrá tí kò ní ibi gíga tó lè fò sí. Àwọn ológbò yòókù lè bá a jà nítorí òórùn ilé ìwòsàn; ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ó bá ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ di òwúrọ̀, ẹ má fòyà. Ìgbà tó bá rìn dáadáa ni kí ẹ fún un lómi, lẹ́yìn náà ìdá kan nínú mẹ́rin oúnjẹ rẹ̀.

Ahọ́n ológbò rí págunpàgun, ó lè tú okùn ojú abẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó wọ ìdè ọrùn tó fẹ̀ bí àrọ, tí kò ní jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ dé ojú abẹ, fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí kò bá sí, apá aṣọ ọmọdé tí ẹ lu ihò ẹsẹ̀ mẹ́rin sí yóò ṣiṣẹ́, bí ìtọ̀ kò bá ti rin ín. Kó má fò, ẹ má wẹ̀ ẹ́, ẹ sì fi ìwé ìròyìn yíya rọ́pò iyẹ̀pẹ̀ ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má fún un ní parasítámọ́ọ̀lù! Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè dà á, ẹyọ kan péré lè pa á. Oògùn ìrora èèyàn yòókù kò dára fún un pẹ̀lú. Ti dókítà nìkan ni kí ẹ lò. Dẹ́tọ́ọ̀lù, àdí àti epo pupa kò gbọ́dọ̀ kan ojú abẹ, torí ohun tó bá kàn án ni yóò lá.

Ẹ wo ojú abẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Pípọ́n díẹ̀ àti kókó kékeré lábẹ́ awọ kò burú. Ọyún, òórùn, ẹ̀jẹ̀ tó ń kán tàbí ojú abẹ tó là ń fẹ́ dókítà lọ́jọ́ náà. Erìgì tó funfun, tí ara sì tutù, jẹ́ àmì pé ẹ̀jẹ̀ ń dà nínú: ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Ológbò kì í sábà ké ìrora. Fífara pamọ́ àti kíkọ oúnjẹ fún wákàtí 24 ni kí ẹ máa ṣọ́.

Dókítà yóò yọ okùn tí kì í yòrò ní ọjọ́ 10 sí 14. Lẹ́yìn náà, ẹ dín oúnjẹ rẹ̀ kù díẹ̀, torí ara rẹ̀ kò ní nílò tó ti tẹ́lẹ̀. Bí ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké wá akọ lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ó ṣeé ṣe kí ilé ẹyin díẹ̀ ṣẹ́kù nínú rẹ̀. Ẹ gbé e padà nígbà tó ń ké lọ́wọ́, torí ìgbà náà ló rọrùn jù láti rí i.