Bí A Ṣe Ń Ṣe Páì Ápù Onígun Mẹ́ta Nínú Ilé

Ìgbà ìwọ́wé, láàrin oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá, ni wọ́n máa ń ká ápù jù ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìgbà náà ni wọ́n sì máa ń yan páì yìí. Ní Èkìtì níbí, ìgbà ọyẹ́ ni èmi fọwọ́ sí. Kì í ṣe nítorí ápù, tí a ń rí rà lọ́jà yípo ọdún, bí kò ṣe pé òtútù òwúrọ̀ máa ń gba bọ́tà lọ́wọ́ yíyọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é nínú ooru oṣù Kẹta, kí ó tètè jí kí oòrùn tó là, tàbí kí ó dúró di alẹ́.

Fún páì méjìlá, ẹ wá fúláwà gíráàmù 500, bọ́tà gidi gíráàmù 300, iyọ̀ ṣíbí tíì kan, àti omi tútù nini tó mìlílítà 250. Fún inú rẹ̀, ẹ wá ápù mẹ́fà tó tóbi níwọ̀nba, ṣúgà gíráàmù 100, ọsàn wẹ́wẹ́ kan, àti sínámọ́nì ṣíbí tíì kan. Bí sínámọ́nì bá wọ́n, atalẹ̀ gbígbẹ tí a lọ̀ kúnná yóò ṣe é. Òun gan-an ni mo máa ń lò. Ẹyin kan ṣoṣo tó fún ojú rẹ̀.

Ní Ọjà Ọba ní Adó-Èkìtì, ẹ ó rí ápù pupa lórí àtẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ní àwọ̀ ewé, tó le tó sì kan díẹ̀, ni kí ẹ wá. Ápù tó ti rọ̀ máa ń di omi lórí iná. Bí pupa nìkan bá wà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ mú èyí tó le, kí ẹ sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ kejì kún un.

Ẹ bó ápù náà, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ dà á sínú ìkòkò pẹ̀lú ṣúgà, sínámọ́nì tàbí atalẹ̀, àti omi ọsàn, kí ẹ sì sè é lórí iná tí kò pọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí omi rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, tí eyín yóò ṣì máa bá ápù nínú rẹ̀. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú méjì, ẹ wọ́n ṣíbí fúláwà kan sí i kí ó lè ki. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àwo fẹ̀ẹ̀rẹ̀ kí ó tutù pátápátá. Mo ní pátápátá, nítorí pé inú páì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ yóò yọ́ bọ́tà kí páì tó dé orí iná. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ sè é.

Ibi tí iṣẹ́ wà ni àpòpọ̀ fúláwà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti rí tí wọ́n ba páì yìí jẹ́ ni wọ́n mọ mítípáì í ṣe dáadáa, ohun tí wọ́n sì mọ̀ náà ló ṣì wọ́n lọ́nà. Nínú mítípáì, a máa ń fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ fúláwà títí a kò fi ní rí bọ́tà mọ́. Níhìn-ín, àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà papọ̀ láìdàpọ̀, bí omi gbígbóná àti omi tútù Ìkọ̀gọ̀sì ṣe ń pàdé tí oníkálukú sì ń pa ìwà tirẹ̀ mọ́. Omi wà nínú bọ́tà. Nígbà tí ooru ófùnù bá kọlù ú lójijì, omi náà yóò hó di èéfín, yóò sì gbé fúláwà tó wà lórí rẹ̀ sókè ní ìpele-ìpele. Bí bọ́tà bá ti yọ́ wọnú fúláwà ṣáájú, kò sí ohun tí yóò gbé e sókè mọ́, páì náà yóò le, ọ̀rá yóò sì máa ṣẹ́ jáde lára rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi bọ́tà sínú fìrísà fún wákàtí méjì. Ẹ fi bébà rẹ̀ dì í mú kí ooru ọwọ́ má bàa kàn án, kí ẹ sì fi irin tí a fi ń rin ilá rin ín sínú fúláwà àti iyọ̀. Fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi rò ó pọ̀, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ẹ máa ta omi tútù sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dáwọ́ dúró ní kété tó bá ti lè dì pọ̀, kódà bí omi bá ṣẹ́ kù. Ọwọ́ àwa ará Èkìtì ti mọ́ iyán gígún, ó sì ṣòro fún wa láti fi nǹkan sílẹ̀ láìkúnná, ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Fúláwà tí a bá pò jù yóò máa sún kì bí a ti ń tẹ́ ẹ. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ fi sínú fíríìjì fún wákàtí kan. Iná ọba kò ṣeé fọkàn tán, nítorí náà ẹ ní kúlà kan tó kún fún omi dídì nítòsí.

Ní ti bọ́tà inú ike tí a ń fi ra búrẹ́dì, ẹ má tilẹ̀ dán an wò. Màjarín líle tí àwọn oníbúrẹ́dì ń rà ní páálí-páálí máa ń fara da ooru ju bọ́tà lọ, ó sì dínwó, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu. Ẹni tí owó kò bá tó lè lò ó ní ìdajì-ìdajì pẹ̀lú bọ́tà gidi.

Lẹ́yìn wákàtí náà, ẹ wọ́n fúláwà díẹ̀ sórí tábìlì, kí ẹ sì tẹ́ ẹ títí gígùn rẹ̀ yóò fi tó ìlọ́po mẹ́ta ìbú rẹ̀. Mi ò kì í lo igi fún èyí: ìgò wáìnì tí mo rọ omi tútù kún, tí mo sì dé pa, ni mo ń lò, nítorí ó ń tẹ́ ẹ, ó sì ń mú un tutù. Ẹ ká ìdá kan nínú mẹ́ta wálé, ẹ ká ìyókù lé e, ẹ yí i kí ẹ̀gbẹ́ tó là wà lápá ọ̀tún yín, kí ẹ tún tẹ́ ẹ, kí ẹ sì tún ká a. Ẹ dá a padà sínú fíríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kí ẹ tún ṣe ẹ̀ẹ̀mejì sí i. Ìkápọ̀ mẹ́rin ni, kò gbọ́dọ̀ dín.

Bí ojú rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán, tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìgò, bọ́tà ti ń yọ́ nìyẹn. Ibí yìí ni àwọn ènìyàn ti máa ń bu fúláwà sí i kí wọ́n lè tẹ̀ síwájú, ohun tó sì ń bà á jẹ́ pátápátá nìyẹn. Ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ gbé e padà sínú òtútù fún ogún ìṣẹ́jú, bí àlejò tilẹ̀ ti jókòó ní pálọ̀.

Ìyókù kò nira. Ẹ tẹ́ ẹ títí nínípọn rẹ̀ yóò fi tó mìlímítà mẹ́rin, ẹ gé e sí onígun mẹ́rin méjìlá tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ bu ṣíbí ápù méjì sí i, ẹ fi omi pa etí rẹ̀, ẹ ká igun kan pàdé ìkejì, kí ẹ sì fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀ pa. Ẹ fi ọ̀bẹ dá a lójú níbi méjì. Ojú rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ẹyin pa. Ẹyin tó bá ṣàn sí ẹ̀gbẹ́ yóò lẹ àwọn ìpele pọ̀. Ẹ dá a padà sínú òtútù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹ ti tan ófùnù sílẹ̀ ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, ní 200°C, kí ẹ yan páì náà fún ìṣẹ́jú 25 sí 30, láìṣí ilẹ̀kùn kí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Ẹni tí kò ní ófùnù lè lo ìkòkò irin ńlá oníyanrìn tí a fi ń yan kéèkì, ṣùgbọ́n kí ó kó ẹyin èédú sórí ọmọrí rẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ìdí páì yóò jóná, ojú rẹ̀ yóò sì funfun. Ẹ gbé ọ̀kan sókè wò: bí ìdí rẹ̀ kò bá tíì pọ́n, kò tíì jinná, ohun yòówù tí ojú rẹ̀ ìbáà máa sọ.

Ẹ jẹ́ kí ó fẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó gé e jẹ, nítorí ṣúgà inú rẹ̀ ń jó ahọ́n. Èyí tí ẹ kò bá fẹ́ jẹ lọ́jọ́ náà, ẹ má yan án rárá. Ẹ kó o sínú fìrísà ní tútù, kí ẹ sì gbé e láti ibẹ̀ sínú ófùnù láìjẹ́ kí ó yọ́, pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́wàá lé sí i.